Abẹ́ Ilẹ̀ Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Mo Ṣe Rí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia

Ìta ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ya fọ́tò ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia, ìpínlẹ̀ Abia, mi ò sì bá wọn wí. Ọkọ̀ ogun ojú omi tó ń jẹ́ NNS Bonny gúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Umuahia kò ní òkun. Ọkọ̀ òfuurufú ń bẹ, ìbọn ńláńlá ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ti ìta gba gbogbo àkókò yín. Ẹ ní kí afinimọ̀nà mú yín sọ̀ kalẹ̀ sí bọ́ǹkà rédíò, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ nítorí bọ́ǹbù.

Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, Umuahia di olú-ìlú Biafra, apá Ìlà-Oòrùn tó ní òun ya kúrò lára Nàìjíríà. Abẹ́ ilẹ̀ yìí ni rédíò Biafra wá ń sápamọ́ sí, kí bọ́ǹbù má baà bá a. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn sì ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1985, tó pé ọdún 15 géérégé tí wọ́n fọwọ́ sí òpin ogun.

Mo sọ̀ kalẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ ṣì wà. Mo rò ó pé ìyàn ń pa àwọn ọmọdé lókè, ìjọba àpapọ̀ ti sé ojú òkun àti ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ wọn, síbẹ̀ ohùn Okokon Ndem, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò Biafra, ń wọ yàrá àwọn èèyàn, ó ń ní kí wọ́n mọ́kàn le. Nígbà tí Umuahia bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1969, rédíò náà tún kẹ́rù. Òun náà ni Philip Effiong, igbákejì Ojukwu tó jẹ́ olórí Biafra, fi kéde ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1970 pé ogun tó. Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ohun ìjà ìbílẹ̀, ọ̀kọ̀ àti ọfà, mo yára kọjá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ogbunigwe, bọ́ǹbù tí Biafra fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ni mo pẹ́ sí. Ẹ̀ka ìwádìí Biafra, tí wọ́n ń pè ní RAP, ló ṣe é nígbà tí ìbọn kò wọlé mọ́: ẹ̀tù àti àfọ́kù irin tí wọ́n kì sínú irin. Àwọn èèyàn yẹn kan náà ló ń fọ epo rọ̀bì fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi irin bo ọkọ̀ lásán di ọkọ̀ ogun. Ẹ wo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin wọ̀nyẹn pọ̀, ẹ ó rí i pé ìkánjú wà níbẹ̀, làákàyè náà sì wà. Ohun tí wọ́n ṣe pa èèyàn púpọ̀, mi ò gbàgbé ìyẹn. Mo ṣì gbóríyìn fún ọgbọ́n náà.

Láàárín àwa Yorùbá, Ore ni ìtàn ogun yìí sábà máa ń parí sí. “Ó le kú, ìjà Ore” làwọn àgbà wa ń wí. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló kó ọmọ ogun Biafra débẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Biafra fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó dùn mí pé apá ọ̀dọ̀ tiwa nìkan la mọ̀. Ẹni tó bá dúró nínú bọ́ǹkà yẹn yóò mọ bí apá kejì ṣe rí.

Bọ́ǹkà Ojukwu wà níbòmíràn nínú ìlú kan náà. Ẹ fi kún ìrìn yín, kí ẹ sì tètè jáde láàárọ̀, torí ẹni tó bá ń kánjú kò ní gbádùn méjèèjì.