Ọjọ́ tí Bàbá mi wa katakata l'Amẹ́ríkà

Ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi ná, kí n tó rojọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló wà láàárín wa. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ilá lásán ni mo fi ń jẹ ẹ̀bà.

Maryland là ń gbé, níbi tí koríko ti ń hù bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ìkánjú. Nílé, bí koríko bá ga, ẹ ó pe alágbàro, ó parí. Níbí, bó bá ti ń kọjá kókósẹ̀ ni àwọn aládùúgbò á ti máa wò yín bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ẹ̀yìn ilé wa gùn, ẹ̀rọ tí mo ń fọwọ́ tì kiri sì ti sọ mí di arúgbó ọ̀sán gangan. Ìgbà tí mo rí i pé ẹnì kan ní Pennsylvania ń ta katakata kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, dọ́là 250 péré, mi ò bi ẹnikẹ́ni kí n tó gbéra.

Wheel Horse C-120 ni, pupa, ti 1975. Èmi wáyé ní 1977, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni. South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana ni ìdílé Pond ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 1946. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń kùn lọ́dà lóde òní. Ẹ́ńjìnnì Kohler ló wà nínú rẹ̀, oní písítìnnì kan ṣoṣo, agbára ẹṣin 12. Ìyàwó mi yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ka orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà, ó wọlé, ó tún jáde.

"Bàbá Tolú, orúkọ yìí kọ́ ló wà lára ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa?"

Òun náà ni. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Mo ní ṣebí èyí tó wà nínú ilé kò tíì já wa kulẹ̀ rí. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn ní òun mọ̀ pé wọ́n ń ra tọ́kùnbọ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó lọ bá tọ́kùnbọ̀ níbi tó ti ń múra àtikọjá òkun.

Ohun tí ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọmọ mẹkáníìkì ni mí. Bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tún Peugeot 504 ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọmọ mẹkáníìkì yàtọ̀ sí mẹkáníìkì o, àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó rántí ìyẹn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kù tí wọ́n ń bá wí. Bí mo ṣe fi fọ́tò katakata náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp báyìí, wọ́n pè mí padà kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ní aago méjìlá ọ̀sán wa, tí í ṣe aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn, Bàbá ti wọ ibi iṣẹ́.

"Sún fóònù mọ́ ọn. Kì í ṣe imú rẹ. Ẹ́ńjìnnì ni mo ní kí n rí."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, a ṣí irin pẹlẹbẹ tó bo orí ẹ́ńjìnnì, eku ti kọ́lé síbẹ̀. Kì í ṣe ilé lásán, ilé alájà: háhá àgbàdo, bébà ìnujú, òwú tí wọ́n yọ lára ìjókòó. Bàbá ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù, àfi kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo kó o. Táńkì epo ló kàn. Ìpẹtà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé, bí mo ṣe da epo àtijọ́ tó kù nínú rẹ̀ síta, ó pọ́n bí tíì. Bàbá ní kí n kó nọ́ọ̀tì ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú táńkì, kí n da omi ọṣẹ lé e, kí n máa mì í. Mo mì í títí. Ìró yẹn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gan-an ni. Ìyàwó mi yọjú láti fèrèsé ìdáná, ó bi mí pé òde àwọn ta ni, ṣé àwa náà ó ra aṣọ ẹbí ni.

Iṣẹ́ kọ́ńtáàtì ni mo fẹ́ràn jù. Irin tín-ín-rín méjì ni, bí èékánná ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá ń pàdé tí wọ́n ń yà, iná á máa ta lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Tiwa ti dúdú pátápátá. Mo fi sáńpépà rà á títí ó fi dán. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ní kí àlàfo àárín wọn jẹ́ 0.020 íńṣì, èmi ò sì ní irin ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá ní kí n wá páálí ìṣáná, kí n fi etí rẹ̀ há a láàárín: bó bá wọlé pẹ́kí, tí kò mì, tí kò sì há jù, ó ti tó. Nígbà tí mo ra irin ìwọ̀n lọ́sẹ̀ kejì, mo dán an wò. Pẹ́kí ni. Mi ò sọ fún wọn, kí orí wọn má baà wú ju bó ṣe yẹ lọ.

Wáyà ni mo dá ṣe fúnra mi, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Switch kan wà lẹ́bàá kílọ́ọ̀ṣì: bí èèyàn ò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ stáàtì. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gé wáyà rẹ̀ dànù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní òyìnbó á máa ṣọ́ ara rẹ̀ jù. Ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ náà ti dípẹtà, ni mo bá fa wáyà kan ṣoṣo láti orí bátìrì lọ sí ọ̀dọ̀ kọ́ìlì, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná. Ó dùn ún wò.

Ó di Sátidé. Ìyàwó mi ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi rọ́bà so fóònù mọ́ stiarín, mo kọ ojú kámẹ́rà síwájú kí Bàbá lè máa rí ẹ́ńjìnnì. Èmi dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, mo mú sikurudíráífà dání, tí mo fẹ́ fi kan irin méjèèjì orí solenoid, ohun tó ń gbé iná bátìrì fún stáàtà.

"Ṣé o ti fi gíà sí firíì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìdáhùn tí mo ti ń fún wọn láti kékeré nìyẹn. Ṣé o ti wẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé o ti kàwé? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹnu mi máa ń dáhùn kí etí mi tó gbọ́ ìbéèrè. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bíréèkì kò mú dáadáa, èmi náà ni mo sì fi gíà há a ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kó má baà yí lọ.

Mo fi irin kan irin. Ó fò síwájú díẹ̀, ó tún fò. Mo rò pé ayọ̀ ni. Ó húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó wá bú jáde: pà-pà-pà-pà-pà! Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń pariwo ògo. Ọwọ́ ṣì wà lókè nígbà tí táyà gun orí bàtà sílípáàsì mi, tó gbà á lẹ́sẹ̀ mi, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Kò sáré o. Ká ní ó sáré ni, ẹ̀tẹ́ ibẹ̀ ì bá kéré. Gíà kejì, èyí tó lọ́ra, ló wà. Ó ń rìn bí ìyàwó tó ń wọlé ọkọ. Mo rìn tọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán. Mo nawọ́ gán kọ́kọ́rọ́, mo pa á. Pà-pà-pà-pà. Wáyà mi tó dùn ún wò ti gba ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ kọjá. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pa òun.

Ó wọ inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó tọ ebè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gún régé bí ẹni tó fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó wọ àárín tòmátì, àgò wáyà mẹ́ta há sí i níwájú, ó ń wọ́ wọn lọ gbọlagbọla bí egúngún tó dé ojú agbo. Bàbá ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí stiarín.

"Ó ń lọ! Ó mà ń lọ o! Rọra, ewébẹ̀ nìyẹn! Ta ló ń wà á?"

Èémí ti ń gé mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Èmi kẹ̀?" Wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n lọgun: "Yà á sọ́tùn-ún! Ọgbà ń bọ̀ níwájú! Ọ̀tún!"

Ó ti fi imú kan pákó ọgbà aládùúgbò, táyà ẹ̀yìn ń gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété, kí Tolú ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó fi fóònù tó fi ń ya wá sápò. Ó rọra gòkè, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Ó dúró. Mo fa wáyà yọ lórí bátìrì. Ibi gbogbo pa rọ́rọ́.

"Daddy, o gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì."

Ọjọ́ mìíràn, mi ì bá ti kọ́ ọ pé "ẹ" là ń sọ fún àgbà. Bàbá òyìnbó yọ orí lókè ọgbà, ó mú ife kọfí dání, ó wo pákó rẹ̀ tó ti tẹ̀, ó wo èmi ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó ní, "Ó kúkú ń ṣiṣẹ́!"

Ìyàwó mi dé pẹ̀lú gèlè lórí, Bíbélì lábíyá. Ó wo ebè rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò pariwo rárá. Ó ní, "Bàbá Tolú, katakata lẹ ní ẹ ń lọ rà. Katakata náà lẹ sì rà wálé."

Mo ti fi switch kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, mo sì ti ra pákó méjì fún bàbá òyìnbó. Ẹ̀fọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé ni. Àbúrò mi tó wà n'Ìbàdàn pè mí lánàá, ó ní kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀: gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti lọ sọ fún pé àwọn wa katakata l'Amẹ́ríkà, láìgba físà, láìdìde lórí àga, àti pé ọgbà ló já lu àwọn lójú ọ̀nà.