Ta Ni Ajẹ́ńtì Ń Ṣiṣẹ́ Fún? Ríra Ilé ní Èkó àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rò pé ajẹ́ńtì tó ń mú wọn wo ilé, tó ń dá wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, tiwọn ló ń ṣe. Rárá o. Ẹni tó ń tà ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, òun náà ló sì máa san kọmíṣọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbọ́ ibi tí agbára yín mọ gan-an. Ẹ bá fi £300,000 lọ onílé, kí ẹ wá jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu yín pé ẹ lè dé £320,000, etí onílé ló ń lọ tààrà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní Èkó, ẹni tó ń rà ló sábà ń san owó ajẹ́ńtì, 5% tàbí 10%, owó lọ́yà sì wà lọ́tọ̀. Síbẹ̀, owó tí ẹ san kò sọ ọ́ di ènìyàn yín, nítorí bí iye ilé bá ṣe ń ga sí i ni tirẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ajẹ́ńtì mẹ́ta mẹ́rin tún lè tò sáàárín ẹ̀yin àti onílé, kálukú á sì bu tirẹ̀ lé e. Bí ajẹ́ńtì kò bá lè mú yín dé ọ̀dọ̀ onílé tàbí lọ́yà rẹ̀, ẹ má sanwó.

Inú ìwé ni ewu Èkó wà. Lọ́yà tí ẹ fúnra yín wá, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ńtì mú wá, ni kó yẹ ìwé wò ní Land Registry ní Alausa. Kí awọnlẹ̀ náà mú nọ́ńbà ara survey (ìwé àwòrán ilẹ̀ náà) lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kó mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i: èyí tí wọ́n tà lẹ́yìn olórí ẹbí kò dúró rárá, èyí tí òun nìkan dá tà, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Lẹ́yìn náà, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà. C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) tó ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á kò tó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £7 lẹ máa fi rí orúkọ onílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì HM Land Registry. Àárín ìgbà tí wọ́n gba iye yín sí ìgbà tí àwọn lọ́yà pààrọ̀ ìwé àdéhùn ni kó máa bà yín lẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, kò sì sí ohun tó de onílé níbẹ̀: ẹlòmíràn lè fi owó lé tiyín, kí onílé yí padà, kí owó lọ́yà àti owó àyẹ̀wò ilé ṣòfò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gba iye yín ni kí ẹ ti ní kí ajẹ́ńtì yọ ilé náà kúrò lórí ìpolówó. Ẹ má sì gbọ́kàn lé àyẹ̀wò ti báǹkì tó ń yá yín lówó. Iye tí ilé tó ló ń wò, kò kàn án bí òrùlé bá ń jò. Ẹ gba surveyor tiyín, ẹni tó ń yẹ ara ilé wò, kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé, torí ọjọ́ náà lẹ sábà máa ń fi 10% iye ilé sílẹ̀, bí ẹ bá sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, onílé ló ni ín.