Dísìkì ẹ̀gbọ́n mi: láti Àlàmísì dé Àtàláátà

Àlàmísì, lẹ́yìn Ìṣáì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ mọ́tò láti Ọ̀fà wá, mo lọ pàdé wọn ní Offa Garage. Wọ́n fi gèlè wé lápútọ́ọ̀pù náà bí ọmọ tuntun. Fọ́tò ni iṣẹ́ wọn. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀tù, Ìjàkadì, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kò sì sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn.

"Àbúrò mi, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́," ni wọ́n wí. "Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè ro àmàlà tán kó tó ṣí."

Mo ti ra SSD 480 GB, irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, sílẹ̀ de wọn. Nígbà tí a dé ilé ní Táńkẹ̀, mi ò jẹ́ kí Windows jí rárá. Fúláàṣì tí Linux wà nínú rẹ̀ ni mo fi tan ẹ̀rọ náà, mo sì fi smartctl bi dísìkì àtijọ́ léèrè ara rẹ̀. Ibi tí mo kọ́kọ́ wò ni Current_Pending_Sector, ìyẹn àwọn sẹ́kítọ̀, ègé kéékèèké tí a pín dísìkì sí, tí dísìkì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. 64 ló wà níbẹ̀. Lára dísìkì tó gbádùn, òdo ló yẹ kó wà.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹnìkan ní Ọ̀fà ti gba àwọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ dísìkì wò, tún un ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Chkdsk á máa kọ nǹkan sórí dísìkì tó ń kú lọ, á sì máa fà á síwá sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ká kọ́kọ́ dà á kọ ná. Tí àtúnṣe kan bá wà láti ṣe, orí ẹ̀dà ni ká ti ṣe é.

Kì í ṣe fáìlì nìkan ni mo fẹ́ kó. Mo fẹ́ kó gbogbo sẹ́kítọ̀ láti orí dé ìdí, Windows, ìpín kọ̀ọ̀kan, àti ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ni wọ́n á ṣe bá a.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dí. Dísìkì àtijọ́ tí wọ́n kọ 500 GB sí lára jẹ́ báìtì 500,107,862,016. Tuntun tí mo rà jẹ́ 480,103,981,056. Ó fi bíi 20 GB kéré. Ó ṣeé ṣe kéèyàn kọ́kọ́ sún ìpín tó tóbi jù kì, ṣùgbọ́n kíkọ nǹkan sórí aláìsàn náà nìyẹn tún jẹ́.

Jímọ̀

Láàárọ̀ mo gba Challenge lọ, mo fi owó kún un, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí 512 GB. Báìtì 512,110,190,592. Ó gbà á, ó tún ṣẹ́kù.

Mi ò tú dísìkì àtijọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. SSD ni mo so mọ́ wáyà USB láti ìta. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí kì í mọ ohun tí wọ́n á ṣe bí dísìkì bá ní òun ò rí ibì kan kà. Wọ́n lè já a sílẹ̀ pátápátá. Aláìsàn ló yẹ kó wà lójú ọ̀nà tó dáa jù.

Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo lẹ bébà funfun mọ́ SSD, mo kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú síríà rẹ̀ síbẹ̀. Mo wá tẹ lsblk -o NAME,SERIAL, àṣẹ tó ń to àwọn dísìkì tó wà lára ẹ̀rọ, mo fi síríà wé síríà. sda ni àtijọ́, sdb ni tuntun. Mo pe ẹ̀gbọ́n wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí àwọn náà kà á sókè. Bí mo bá ṣì í gbé, SSD tó ṣófo ni màá dà lé ọdún mẹ́sàn-án lórí.

ddrescue -f -n /dev/sda /dev/sdb map.log

ddrescue ni ètò tó ń da dísìkì tó ń kú lọ kọ. Nínú orúkọ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ti àkọ́kọ́ ni ibi tí a ti ń bù, èkejì ni ibi tí a ń dà á sí, ẹ̀kẹta ni ìwé ìrántí iṣẹ́. -n ní kó kó ibi tó rọrùn kọjá lọ, kó fi ibi tó le sílẹ̀ ná. A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé. Nǹkan bíi 70 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó ti dé 61% nígbà tí iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ náà ò lágbára mọ́, ẹ̀rọ kú kí n tó tan jẹnẹrétọ̀. Map.log náà bá a lọ, nítorí inú Linux orí fúláàṣì ni mo fi í sí, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ kì í ju orí ìrántí ẹ̀rọ lọ, ìrántí tó máa ń pa rẹ́ bí ẹ̀rọ bá kú. Gbogbo ohun tí dísìkì náà ti fi ẹ̀mí rẹ̀ kà ni mo tún ní láti ní kó kà lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùn mí gan-an.

Sátidé, òru

Fúláàṣì mìíràn ni mo fi map.log sí báyìí. Òru ni mo dúró dè, nítorí ooru ọ̀sán Ìlọrin ti gbé dísìkì náà dé 51°C lánàá. Mo gbé fáànù síwájú rẹ̀. Iná tún lọ ní aago kan kọjá. Nígbà tó dé, mo tún àṣẹ kan náà tẹ̀, ddrescue ka ìwé ìrántí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró gan-an.

Sọ́ńdè

Mo padà sí àwọn ibi tó le, pẹ̀lú -d -r3, kó gbìyànjú wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́kẹ́kẹ́ náà pọ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n jáde kúrò nínú yàrá. Sẹ́kítọ̀ 16 ló rí gbà padà. 48 kọ̀ jálẹ̀. Báìtì 24,576 nìyẹn, nínú bílíọ̀nù 500.

Àtìní

GPT, ìyẹn àtẹ tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì, máa ń fi ẹ̀dà ara rẹ̀ pamọ́ sí òpin dísìkì. Tuntun gùn ju àtijọ́ lọ, nítorí náà ẹ̀dà náà kò sí níbi tó yẹ mọ́. sgdisk -e /dev/sdb gbé e lọ síbi òpin.

Mo wá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú 48 yẹn. Mo mú nọ́ńbà wọn nínú map.log, mo yọ iye ibi tí ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀ kúrò, mo fi ntfscluster bi í pé ta ló ni wọ́n. 16 jẹ́ ibi òfìfo. 32 tó kù, fọ́tò kan ṣoṣo ló ni wọ́n. Mo ṣí i. Ìyàwó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ mọ́ rekete, àmọ́ láti àyà sísàlẹ̀, eérú lásán ni.

Mo tú síkúrù ìdí ẹ̀rọ, mo yọ àtijọ́, mo ti SSD bọ ibẹ̀. Mi ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lára ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà tí Windows bá ń tàn, nítorí dídà kọ báyìí sọ wọ́n di olórúkọ kan náà, ó sì lè dàrú. Chkdsk wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà mo tàn án, mo ń wo aago: ìṣẹ́jú àáyá 19.

Àtàláátà

Mo fi fọ́tò eérú náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní Ọ̀fà. Wọ́n mọ̀ ọ́n kíákíá. Wọ́n ti tẹ èyí sórí bébà fún ìyá ìyàwó rí, ó wà lára ògiri pálọ̀ ìyá náà dòní. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, wọ́n á gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, wọ́n á sọ fíréèmù náà kalẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún un yà.