Ta ni yóò sanwó ẹni tí yóò wẹ Màmá? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìtọ́jú ilé ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíà kí ẹ lè rówó ilé ìwé san, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Maryland ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ilé, ní agbègbè Prince George's, níbi tí ilé tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kí mi káàbọ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa egbò, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló wúlò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé àpò yín sórí tábìlì, ohun tí ọmọ aláìsàn máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Àǹtí, ta ló máa sanwó yìí? Títí di ìgbà wo?" Bí ẹ kò bá rí i dá lóhùn, WhatsApp á dá a lóhùn.

Irú ìtọ́jú méjì ló ń wọlé tọ aláìsàn wá, àpò tó sì ń sanwó ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀kan ni ti nọ́ọ̀sì tó ń di egbò, tó ń fún ni lábẹ́rẹ́, tó ń kọ́ ẹbí bí wọ́n ṣe ń fa ínsúlíìnì, àti ti ẹni tó ń kọ́ Bàbá ní ìrìn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń se ọbẹ̀, tó ń pààrọ̀ ìlédìí, tó ń jókòó tì wọ́n lóru kí wọ́n má baà ṣubú. Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbà ní pàtàkì, ń sanwó ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, tó sì jẹ́ òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń wá, Medicare kì í san án bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni aláìsàn nílò. Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ là yé ẹbí kí ẹ tó mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, torí pé níbẹ̀ ni gbogbo ìjà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Medicare tó sanwó nọ́ọ̀sì ilé, dókítà tàbí ẹni tí òfin gbà láàyè bíi nurse practitioner gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé aláìsàn nílò nọ́ọ̀sì tàbí thẹ́rápì lóòrèkóòrè, kì í ṣe tọ̀sán-tòru. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí aláìsàn lójúkojú lórí àìsàn náà, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ 90 ṣáájú kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀. Ejẹ́ǹsì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì wá sílé, gbọ́dọ̀ ní àṣẹ Medicare. Jíjáde nílé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìnira gidi fún aláìsàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, aláìsàn kò ní san kọ́bọ̀ fún nọ́ọ̀sì tàbí thẹ́rápì. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni yóò san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ 60, wọ́n á tún un fọwọ́ sí. Ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n náà lè wá lábẹ́ ètò yìí níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì tàbí thẹ́rápì bá ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ro ti nọ́ọ̀sì àti tirẹ̀ pọ̀, kì í sábà kọjá wákàtí 28 lọ́sẹ̀. Wákàtí 28 yẹn gan-an, lórí ìwé ni mo ti ń rí i. Ohun tí mò ń rí nílé ni pé ó wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó wẹ Màmá, ó fi ìpara pa wọ́n, ó yí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó gba iṣẹ́ alẹ́ tuntun, nítorí pé ó rò pé Medicare máa fi ènìyàn jókòó ti ìyá òun.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ìpayà bá àwọn àgbà wa púpọ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé bí ìjọba bá rí wọn níta, wọ́n á gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n á jókòó sílé lọ́jọ́ Sunday, ojú wọn á sì fà ro. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìsìn wà lára ohun tí aláìsàn lè jáde lọ ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ sọ́dọ̀ dókítà àti sí ilé ìtọ́jú ọ̀sán fún àgbà. Ohun tí òfin ń wò ni pé kí jíjáde nira, kó má wọ́pọ̀, kó má sì pẹ́. Bí Màmá bá ń fi wọ́kà rìn, tí ènìyàn méjì ń dì wọ́n mú wọ ọkọ̀, tí wọ́n ń sùn gbogbo ọ̀sán lẹ́yìn ìsìn kí ara wọn tó balẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ìwé. Jímọ́ọ̀ náà kò yàtọ̀ fún àwọn àgbà tó jẹ́ Mùsùlùmí.

Ohun tí ẹ bá kọ ló ń sanwó. Nọ́ọ̀sì tuntun á kọ pé: "Aláìsàn ń ṣe dáadáa, kò ní ìṣòro." Ó fẹ́ràn Màmá ló ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì kò rí Màmá, ohun tó rí ni ẹni tí kò nílò nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ wo bí mo ṣe máa ń kọ tèmi: "Ó rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì láti mí, ó di ọwọ́ àga mú. Egbò ẹsẹ̀ òsì gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì lè di egbò náà fúnra rẹ̀. Ó ń gbàgbé láti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́." Kò sí àbùmọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni.

Ẹ̀ka mìíràn ọ̀rọ̀ yìí wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Ejẹ́ǹsì lè sọ fún ẹbí pé, "Ara Bàbá kò yá sí i mọ́, nítorí náà Medicare kò ní sanwó." Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Jimmo, tó fi hàn pé kì í ṣe dandan kí ara aláìsàn máa yá sí i kí Medicare tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníthẹ́rápì ni kò jẹ́ kí ara Bàbá burú sí i, ẹ̀tọ́ wọn ṣì wà. Títí di òní, mo ṣì ń bá àwọn ọ̀gá pàdé tí wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀, tàbí tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tó ti ń dun àwa jù. Ọmọ di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ó mú Màmá wá láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá gba green card lẹ́ni ọdún 70. Gbogbo ilé gbà pé Medicare ti délẹ̀ nítorí pé Màmá ti ju 65 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó san owó orí Medicare fún nǹkan bí ọdún 10 níhìn-ín, tàbí tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ló ń gba Part A, apá Medicare tó wà fún ibùsùn ọsibítù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí, láti ogún ọdún ni wọ́n ti ń yọ owó Medicare lára owó oṣù mi, ṣé kò ká ìyá mi ni?" Kò ká wọn. Ohun tí Màmá lè ṣe ni pé, lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbáko tí wọ́n ti ń gbé níhìn-ín pẹ̀lú green card láìdá, wọ́n lè fi owó ra á. Ní 2025, dọ́là 185 lóṣù ni Part B, apá tó wà fún dókítà àti ìtọ́jú tí kò gba ibùsùn. Part A, fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rárá níhìn-ín, jẹ́ dọ́là 518 lóṣù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká méjèèjì lè ra Part B nìkan. Kò ní sanwó ibùsùn ọsibítù o, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ilé wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ èyí.

Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí green card bẹ̀rẹ̀ síbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Bí ọdún márùn-ún bá pé tí wọn kò sì forúkọ sílẹ̀ lásìkò, ìtanràn á máa gun orí owó Part B, kì í sì í kúrò. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ìrìn-àjò gígùn: bí Màmá bá lọ ṣe ìsìnkú nílé tí wọ́n sì lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀, ó lè da kíkà ọdún márùn-ún náà rú. Àwọn tó wá kí ọmọ lórí físà lásán kò sí nínú ètò yìí rárá.

Medicaid ló ń sanwó ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n. Ti aláìní ni, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló jọ ń ná an, nítorí náà ohun tí wọ́n ń ṣe ní Texas kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní Maryland. Láti ìgbà òfin 1996, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní green card náà gbọ́dọ̀ dúró ọdún márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kó tó di ìgbà yẹn, ìtọ́jú pàjáwìrì ni wọ́n sábà máa ń rí. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń fẹ́ kí ohun ìní arúgbó tó dá wà má ju dọ́là 2,000 lọ, ilé tí wọ́n ń gbé kò sí nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ilé tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́? Wọ́n á béèrè. Kí wọ́n sọ òótọ́. Wọ́n sì ń wo ẹ̀bùn tí wọ́n fi tọrẹ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nítorí náà kíkọ ilé lé ọmọ lórí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ béèrè fún Medicaid kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin má gbà wọ́n nímọ̀ràn níbẹ̀ rárá. Lọ́yà tó mọ òfin àwọn àgbà ni kí wọ́n lọ bá.

Ní Maryland, ọ̀dọ̀ Maryland Access Point, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́ àwọn àgbà sọ́nà ìrànlọ́wọ́, ni kí ẹ darí wọn sí. Community First Choice, ètò Medicaid fún ìtọ́jú nílé, wà fún ẹni tó ti ní Medicaid tí àìsàn rẹ̀ sì tó èyí tí wọ́n lè fi gbà á sílé ìtọ́jú arúgbó. Ètò mìíràn wà tí wọ́n ti ń tò sórí ìlà, ìlà náà sì gùn. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yòówù, Eldercare Locator, 1-800-677-1116, á sọ ilé iṣẹ́ àgbà tó súnmọ́ wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní SHIP sì ń la ọ̀rọ̀ Medicare yé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò ní nǹkan tà fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn wọn.

Lórí yíyan ejẹ́ǹsì, ẹbí máa ń ṣe é nínú ìjayà, nígbà tí ọsibítù ti ní kí Bàbá máa lọ sílé lọ́la. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí wọ́n wo Care Compare lórí ìkànnì Medicare, níbi tí wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n àwọn ejẹ́ǹsì tó ní àṣẹ Medicare. Ní Maryland, àwọn ejẹ́ǹsì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa dá sílẹ̀, RSA (Residential Service Agency) ni láísẹ́ǹsì wọn, ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti Medicare. Kò sí àléébù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹbí mọ èyí tí wọ́n ń bá lò. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí jù lójú tèmi ni pé: "Bí olùtọ́jú kò bá wá ní aago méje àárọ̀, ta ni mo máa pè, ta ni yóò sì wá?" Bí wọ́n bá ń wo òkè kí wọ́n tó dáhùn, ẹ wá ibòmíràn. Kí wọ́n tún béèrè wákàtí tó kéré jù tí wọ́n á gba owó lé lórí nínú ìbẹ̀wò kan, àti bí nọ́ọ̀sì ṣe ń yọjú sí iṣẹ́ olùtọ́jú. Lábẹ́ Medicare, ọjọ́ 14 kò gbọ́dọ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, olùtọ́jú fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 75 ó kéré tán.

Wọ́n tún máa ń gba arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa fún un lówó lọ́wọ́. Owó rẹ̀ dín, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Ṣùgbọ́n bí owó tí wọ́n fún un bá ti dé dọ́là 2,800 lọ́dún 2025, agbanisíṣẹ́ ni ẹbí náà lójú àwọn agbowó orí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì dá nígbà tó ń gbé Bàbá, ta ni yóò sanwó ọsibítù tirẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ arábìnrin náà, ẹ béèrè èyí fún ara yín kí ẹ tó gbà.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí a fi ń tẹ wọlé iṣẹ́: òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2016 ló mú un wá fún Medicaid, ó sì ń kọ ibi tí ẹ wà àti aago sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ láti inú mọ́tò yín, ẹ má sì bá ọ̀rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀, láísẹ́ǹsì tí ẹ ṣìṣẹ́ kí ẹ tó gbà á sì lè bá a lọ.

Nígbà tí ejẹ́ǹsì bá fẹ́ dá ìtọ́jú Medicare dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní ìwé, ó pẹ́ jù ọjọ́ méjì ṣáájú kí ó tó parí. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ìwé yẹn lọ, ẹ̀yin náà lẹ máa ní kí Màmá fọwọ́ sí i. Ẹ ṣàlàyé pé fífọwọ́ sí i fi hàn pé wọ́n rí i ni, kì í ṣe pé wọ́n gbà. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó dá dúró tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ó wà lórí ìwé ọ̀hún, kó tó di ọ̀sán gangan ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìparí. Kí dókítà Màmá kọ lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí egbò ẹsẹ̀ náà bí kò bá sí ẹni tí yóò máa di í. Ìpè náà kò ná wọn ní kọ́bọ̀.