Ọlọ́run Tún Gbé Mi Gun Kẹ̀kẹ́: Ọpẹ́ Mi sí Ará Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Kírísítì, ẹ̀yin tí ẹ gbé oúnjẹ wá àti ẹ̀yin tí ẹ dáwó, mo kí yín o. Ọlọ́run Ọba tí kò jẹ́ kí ẹ̀mí mi bọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 2025 ni mo kọ́kọ́ fi gbogbo ìyìn fún. Lẹ́yìn Rẹ̀, ẹ̀yin ni ọpẹ́ kàn, mo sì fẹ́ dúpẹ́ náà ní gbangba, nítorí pé ní gbangba náà ni ẹ ti ṣe mí lóore.

Tíṣà oníkẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí, kì í ṣe Màrúwá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ sì ti mọ́ díẹ̀, màá dé akoto mi, màá sì gun kẹ̀kẹ́ jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju eré ìdárayá lọ, nítorí pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè kọjá lára ènìyàn láìkí i. Ní Òkè-Ajé, màá bá àwọn alájàpá tí wọ́n ń já ẹrù, a ó sì bára wa sọ̀rọ̀ lórí iye tí àpò kan ń lọ. Màá kí fọkanáísà tó ń tan ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ rẹ̀, màá kí àwọn ọmọ iléèwé, lẹ́yìn náà ni màá wá kọjú sí ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn máa ń wá ṣe ìbẹ̀wò sí ibojì tí a gbà pé ó jẹ́ ti Bìlìkísù Sùńgbọ́, obìnrin ńlá ayé àtijọ́.

Ní ọ̀nà yẹn ni àwọn ìyá tó ń yan gààrí wà. Gààrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ènìyàn ń fi omi tútù mu kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án nínú agbada. Láti orí kẹ̀kẹ́, mo lè fi imú mọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin àti èyí tó ti kan tó láti yan. Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń kíra wa. Wọ́n á béèrè ara àwọn ará ilé mi, èmi náà á béèrè bí àwọn ọmọ wọn ṣe ṣe nínú ìdánwò. Nígbà náà, n kò mọ̀ pé ẹnu ìkíni yẹn ni Ọlọ́run yóò ti gba ẹ̀mí mi là.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù Òkúdù, ni Ojúde Ọba bọ́ sí ní ọdún náà, nítorí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kò sí ohun tí ojú oníkẹ̀kẹ́ kì í rí láàárọ̀: àwọn télọ̀ tí iná kò kú ní ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́jú, àwọn obìnrin tó ń fi ìwọ̀n wọn ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilé Balógun tí wọ́n ń kọ́ ẹṣin bí yóò ṣe máa jó láàárín èrò àti ìró ìbọn. Bí mo bá ti rí ẹṣin lọ́ọ̀ọ́kán, màá sọ̀kalẹ̀, màá sì fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ mi títí màá fi kọjá, kí ó má baà ta. Ní ọjọ́ náà gan-an, àwa àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) yòókù, Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti àwọn tó kù, jó jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ wa. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé aṣọ àti fọ́tò ni gbogbo rẹ̀. Ìdúpẹ́ ni orísun Ojúde Ọba. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ìlú yìí ti kọ́kọ́ lọ síwájú Awùjalẹ̀ láti dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní ìrọ̀rùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń jó níbẹ̀, wọ́n jọ ń gbé ìnira ara wọn ni pẹ̀lú. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Ojúde Ọba náà, ní òwúrọ̀ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, bọ́ọ̀sì kan tó ń yẹ kòtò gbá mi láti ẹ̀yìn lọ́nà Òkè-Ẹ̀rí. Kò dúró. Akoto mi là sí méjì, ṣùgbọ́n orí mi kò fọ́. Egungun itan mi ni ó ṣẹ́, tí ó sì yọ síta, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára mi nínú gọ́tà tí mo ṣubú sí. Ìnnà lílàhì ni ẹnu mi ń wí, mo gbà pé ó parí.

Àwọn ìyá tó ń yan gààrí ni wọ́n kọ́kọ́ sáré dé. Ọ̀kan nínú wọn figbe ta pé, "Tíṣà oníkẹ̀kẹ́ wa ni o!" Igbe yẹn ló gbé gbogbo ọ̀nà dìde. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta ni mí, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá yóò mú òun. Ìyá kan tó ń dúró de mọ́tò ọjà, tí kì í ṣe ọ̀kan lára wọn, tú ìborùn rẹ̀, ó fi di itan mi lókè ojú ọgbẹ́ dáadáa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ẹsẹ̀ mi, ó sì ní kí wọ́n wá pákó wá láti fi tì í. Awakọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ da ìdajì ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà láti rí ibi tẹ́ mi sí. Ìyá yẹn bá wa lọ, ó di ẹsẹ̀ mi mú títí. Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí ibùsùn, a sì tún gbéra. Ní èkejì, wọ́n gbà mí, wọ́n sì ní kí wọ́n tètè wá ẹ̀jẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, ẹgbẹ́ wa ti kún ọgbà ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà ni wá, nítorí náà, àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dá ọ̀pọ̀ wọn padà, ti ẹlòmíràn nítorí ọjọ́ orí, ti ẹlòmíràn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò lọ sílé. Wọ́n tẹ àwọn ọmọ wọn láago, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn ọmọ náà sì wá láti ibi iṣẹ́, wọ́n sì na apá sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín ń ṣàn lára mi títí di òní. Owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ki irin bọ inú egungun mi, àpò ẹgbẹ́ ló ti kọ́kọ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Mo wà lórí ibùsùn ní ọjọ́ 13 oṣù Agẹmọ nígbà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní ẹni ọdún 91, ní ọjọ́ kan náà tí Ààrẹ àná Muhammadu Buhari kú. Òun nìkan ni ọba tí mo gbọ́njú bá lórí ìtẹ́, láti ọdún 1960. Ó ká mi lára pé n kò lè jáde láti wo ojú ìlú ní ọjọ́ tí ìlú ń sunkún. Síbẹ̀, nínú ọ̀fọ̀ ńlá yẹn, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ti ibi ìbánikẹ́dùn yà wò mí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì ń ròyìn gbogbo ohun tí ojú mi ì bá rí láti orí kẹ̀kẹ́.

Mo fi ọ̀pá méjì rìn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi gbé mi gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan, tó sì ní kí n rọra máa wà á kí orúnkún mi lè nà, omi bọ́ lójú mi. Kí ọdún 2025 tó parí, mo ti gun kẹ̀kẹ́ ara mi dé Òkè-Ẹ̀rí. Fọkanáísà ló bá mi na rímù tó ká kò, ó sì pààrọ̀ ṣéènì rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, màá ṣe sàráà ní ilé mi, gbogbo yín ni mo sì pè. Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò tíì rí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìyá tó fi ìborùn di itan mi. Ó ti lọ kí ojú mi tó là, kò sì sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó dúdú, tó ga níwọ̀nba ni, ọjà ni ó ń lọ ní òwúrọ̀ yẹn, ìborùn rẹ̀ sì jẹ́ àdìrẹ aláró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kí ó bá mi sọ fún un pé mo ń wá a. Kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí lọ́nà Òkè-Ẹ̀rí, mò ń kọjá lọ́dọ̀ wọn láràárọ̀.