Kí bàbá bẹ́tà má baà gbé ẹyin mì

Ẹni tó bá ń bá àwọn apẹja ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ti Nokoué rìn mọ̀ pé nínú ẹ̀pìyà alágbọ̀n dúdú tó kún inú akájà, ìyẹn ọgbà ẹ̀ka igi tí wọ́n rì sómi fún ẹja, akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi jáde. Ohun kan náà ni àwọn ẹja bẹ́tà inú igbó ń ṣe, àmọ́ odò tiwọn jìnnà. Betta albimarginata àti Betta channoides, tí Kottelat àti Ng fún lórúkọ ní 1994, wá láti àwọn odò kéékèèké inú igbó ní erékùṣù Borneo, lápá ti Indonesia. Ẹja tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ni. Kì í ṣe bẹ́tà tí lẹbẹ rẹ̀ gùn bíi yẹ̀rì, tó ń fi ìfófòó ṣe ìtẹ́.

Ẹ̀dùn ọkàn ẹni tó ń sin wọ́n kì í yàtọ̀: ọ̀fun akọ wú fún ọjọ́ 3, lọ́jọ́ kẹrin ó ti pẹlẹbẹ. Ó ti gbé ẹyin mì. Kì í ṣe ìwà ìkà. Akọ tó ń gbọ̀n kì í lè gbé oyún ẹnu, nítorí náà ilé rẹ̀ la ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Àpótí gíláàsì tó jẹ́ 60 sí 30 sí 30 sẹ̀ǹtímítà tó tọkọtaya kan. Ẹ bu omi dé sẹ̀ǹtímítà 22, ìyẹn bíi lítà 40. Àyè òkè yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bẹ́tà ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ bí àrọ̀ ti ń ṣe, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó tutù a sì máa pa á lára. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, ẹ dé e dáadáa. Ihò tí ìka kan lè gbà, bẹ́tà lè fò gba ibẹ̀.

Omi òjò ló bá wọn mu jù. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ páànù fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gbé bídọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Kànga tó sún mọ́ ṣalángá kò dára, omi ẹ̀rọ náà ní kilorínì. Ẹ ṣa ewé furúùtù, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní badamier. Èyí tó gbẹ tó sì já bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe tútù, kó má sì jẹ́ ti ẹ̀bá títì tí èéfín ọ̀kadà ti bò. Ewé 2 tó fún lítà 40. Omi á pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n kíkan omi, á sì wà láàárín 5 sí 6.5. Omi òjò kò ní agbára láti di pH mú, nítorí náà ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá da ìdajì nù lẹ́ẹ̀kan náà ń wá ẹyin mímì.

Ẹ da àpáàdì ìkòkò 2 tàbí 3 délẹ̀ fún ìsápamọ́, kí ojú oró sì bo òkè omi. Tí ẹ bá ti odò mú ojú oró wá, ẹ kọ́kọ́ fi sínú bàsíà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí eṣúṣú àti àwọn kòkòrò tó ń pa ẹja tó máa ń wà nídìí rẹ̀. Fílítà oní-fóòmù tí atẹ́gùn rẹ̀ rọra ń hó tó.

Ooru ni ọ̀tá ńlá níhìn-ín. Dígírì 24 sí 26 ni wọ́n fẹ́, yàrá wa sì lè kọjá 30 lóṣù kẹta. Ẹ gbé àpótí sílẹ̀, jìnnà sí ògiri tí oòrùn ń pa. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi ṣiṣẹ́ gan-an tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó sì gbóná, àmọ́ kí àwọ̀n rọ́pò ìdérí lórí àpótí nígbà náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ lo ìgò omi dídì nígbà náà, kó má ju ìdínkù dígírì 2 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi tanwíji bọ́ wọn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ 2, akọ gan-an ni kó yó jù. Abo ló ń dẹnu ìfẹ́ kọ akọ. Tí wọ́n bá gbà fún ara wọn, akọ á ká ara rẹ̀ yí abo po bí òrùka, ẹyin á sì bọ́ sórí lẹbẹ abẹ́ ikùn akọ. Abo á ṣà wọ́n sẹ́nu, á dojú kọ ọkọ rẹ̀, á tu ẹyin kan, akọ á hán an. Nígbà míì akọ kò ní tètè gbà á, abo á tún ṣà á, á tún tu ú. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ má tan iná, ẹ má ṣí ìdérí.

Láti ọjọ́ yẹn, akọ kì í jẹun. Bí ọjọ́ 10 sí 21 ni. Ẹ má gbé e lọ sí àpótí míì: lójú tiwa, àwọ̀n ló ń fa ẹyin mímì jù lọ. Bí abo bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, abo ni kí ẹ fi ahá rọra bù jáde lálẹ́. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lè gbé ẹyin mì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ yẹ ooru wò, ẹ yẹ ìrìn ọmọdé níwájú àpótí wò, ẹ sì wò ó bóyá ara rẹ̀ ti rù kó tó gbé ẹyin sẹ́nu.

Ọmọ tó jáde ti tó jẹ artemia, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi oníyọ̀ tó jọ edé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Láti pa ẹyin artemia, lítà omi 1, iyọ̀ gíráàmù 25, atẹ́gùn tó ń hó: lóoru ilẹ̀ wa, wákàtí 24 ti tó. Ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ fi omi lásán ṣan iyọ̀ rẹ̀ nù. Tí kò bá sí, aràn wẹ́wẹ́ tí a sìn lórí ẹ̀kọ àti ìwúkàrà díẹ̀ náà dára. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, nítorí artemia kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀, òkú rẹ̀ ló sì ń ba omi jẹ́. Tí ọmọ bá pọ̀ jù, ẹ fún ẹni tó lápótí. Ẹ má dà wọ́n sí ọ̀sà.

Akọ tó tu ọmọ sílẹ̀ ti rù kan egungun. Abo tó rí i bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàánú rẹ̀, á tún máa pè é. Ẹ ya abo sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ fi tanwíji wẹ́wẹ́ bọ́ bàbá náà títí ẹ̀yìn orí rẹ̀ á fi kún padà.