Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Ọ̀rọ̀ Tí Ẹlòmíràn Kọ?

Ní 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá CompuServe, ilé iṣẹ́ kan tí àwọn èèyàn ti ń gbé ọ̀rọ̀ síta lórí kọ̀ǹpútà, láre lórí ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ tí ẹlòmíràn kọ, torí pé kì í yẹ ohun tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ wò. Ní 1995, ilé ẹjọ́ mìíràn ní New York kan náà ní kí Prodigy, ilé iṣẹ́ irú rẹ̀, dáhùn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé òun máa ń yọ ọ̀rọ̀ àlùfààṣá kúrò. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n di ẹrù ìdọ̀tí lé lórí. Ìyẹn ló mú kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, Chris Cox àti Ron Wyden, gbé Section 230 kalẹ̀, tó di òfin níbẹ̀ ní 1996: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀, kì í ṣe oníkànnì.

Ààbò yẹn kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California sọ ní 2006 pé ẹni tó kàn tún gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ tó o bá fi ọ̀rọ̀ tìrẹ lé e, tìrẹ yẹn wà lọ́rùn rẹ.

Ibi tí ààbò yìí kò dé ni ohùn mẹ̀kúnnù ti ń pa mọ́ ọn lẹ́nu. Section 230 kò kan ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan ní lórí rẹ̀. DMCA, òfin Amẹ́ríkà ti 1998 lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ló ni ìyẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o lo iṣẹ́ òun, oníkànnì tí kò fẹ́ wàhálà yóò yọ ohun tó o gbé síbẹ̀ kíá, kò ní dúró wádìí. Kò sí ohun tí yóò jèrè nínú gbígbèjà rẹ.

Bó o bá fẹ́ kí wọ́n dá a padà, ìwé èsì lo máa kọ sí oníkànnì. Buwọ́ lù ú. Sọ ohun tí wọ́n yọ àti ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Búra pé o gbà tọkàntọkàn pé àṣìṣe ni. Irọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn lójú òfin. Kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ, kí o sì gbà pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Bí olùfisùn kò bá pè ọ́ lẹ́jọ́, oníkànnì á dá a padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14.

Orúkọ àti àdírẹ́sì yẹn ló ń dẹ́rù bani jù, nítorí oníkànnì yóò fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí olùfisùn. Ẹni tó ń tú àṣírí alágbára láìdárúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ fó kó tó lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìwà ìkà ni mo ka èyí sí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí olùfisùn ń búra lé lórí ni pé òun ní àṣẹ láti ṣojú ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Òfin fàyè gba gbígba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ̀. Nítorí náà, kó ẹ̀dà ohun tó o kọ, déètì rẹ̀ àti gbogbo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ pa mọ́ láti ọjọ́ kìíní.